Bí Obìnrin Àdúgbò Bá Fura Pé Májèlé Ń Wọ Ara Wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò wa ló ní kí n kọ̀wé sí yín. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, èéfín rẹ̀ sì máa ń bo òpópónà wa lálaalẹ́. Láàárín ọdún 3, oyún bàjẹ́ lára obìnrin 9 tí a mọ̀, àwọn 2 mìíràn sì ní jẹjẹrẹ ọmú. Nígbà tí a sọ fún dókítà ilé ìwòsàn wa, ó ní kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé ilé iṣẹ́ náà ló fà á. A fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba, kí a sì to orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sínú rẹ̀. Ṣé ọ̀nà tó yẹ kí a gbà nìyẹn?

Ìdáhùn: Mo kí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín, mo sì bá àwọn tí oyún bàjẹ́ lára wọn kẹ́dùn, nítorí òfò ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà á sí òfò. Òótọ́ ni dókítà yín sọ, ṣùgbọ́n ibi tí ó parí ọ̀rọ̀ sí ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣòro púpọ̀ láti fi ẹ̀rí hàn pé ilé iṣẹ́ kan pàtó ló fa àìsàn obìnrin kan pàtó. Kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀ láti fi ẹ̀rí hàn pé òjé ń ti inú ilé iṣẹ́ náà jáde, pé ó ń balẹ̀ sí àgbàlá yín, àti pé ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀rí kejì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ lépa, nítorí òun nìkan tó láti fi béèrè pé kí wọ́n dá májèlé dúró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní láti kọ́kọ́ jẹ́rìí sí ohun tó ba oyún ẹnì kan jẹ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ àtúnyẹ̀wò jáde lórí ìwádìí 428 tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ láàárín nǹkan bí 20 ọdún, ní àwọn àdúgbò tí àwọn ará ibẹ̀ ti fura pé jẹjẹrẹ pọ̀ jù. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti mọ ohun tó fà á dájúdájú. Ìyẹn kò sọ pé irọ́ ni àwọn àdúgbò yòókù ń pa. Iye ènìyàn tó ń gbé ní òpópónà mélòó kan kéré jù fún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn ń kó wọlé, wọ́n ń kó jáde, jẹjẹrẹ sì lè gba 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fara hàn. Ẹgbẹ́ tó bá gbé gbogbo agbára rẹ̀ lé ìbéèrè pé kí ló fa àìsàn wa lè lo ọdún 10 lórí rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìdáhùn pé a kò mọ̀, nígbà tí èéfín kò sinmi fún ọjọ́ kan.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n jà fitafita nípa jẹjẹrẹ ọmú, títí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ìwádìí ńlá ní 1993. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, wọn kò rí i pé DDT, oògùn apakòkòrò kan, tàbí àwọn kẹ́míkà tó bá a tan, tí wọ́n wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà, so mọ́ jẹjẹrẹ wọn. Ní 2007, ìwádìí mìíràn jáde láti California, èyí tó lo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà lára àwọn ìyá láàárín 1959 sí 1967 tí wọ́n sì fi pamọ́. Èyí fi hàn pé láàárín àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 14 nígbà tí DDT kọ́kọ́ gbòde, àwọn tí DDT pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ewu jẹjẹrẹ ọmú ní ìlọ́po 5. Ọjọ́ orí tí kẹ́míkà bá obìnrin lè ṣe pàtàkì ju iye tó kù lára rẹ̀ nígbà tí àìsàn dé. Nítorí náà, ohun tó kan àwọn obìnrin 2 tó ní jẹjẹrẹ láàárín yín lè ti ṣẹlẹ̀ nígbà ọmọdé wọn, ní ibòmíràn pátápátá. Bákan náà, ẹ̀rí tó so òjé mọ́ jẹjẹrẹ ọmú kò lágbára, jẹjẹrẹ ọmú sì wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù láàárín obìnrin ní gbogbo àgbáyé. Ẹ dúró ti àwọn méjèèjì, ẹ rí i pé wọ́n ń gba ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ìwé ẹ̀sùn yín. Bí ẹ bá fi í sí i, ibẹ̀ gan-an ni agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ náà yóò dúró lé láti fi ba gbogbo ìyókù jẹ́.

Ọ̀rọ̀ oyún yàtọ̀, nítorí ohun tí òjé ń ṣe fún aboyún kì í ṣe ohun ìjiyàn mọ́ láàárín àwọn onímọ̀. Ara ènìyàn máa ń ṣi òjé mú fún kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ó sì máa ń kó o pamọ́ sínú egungun, débi pé nínú àgbàlagbà, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 gbogbo òjé ara rẹ̀ tó wà nínú egungun, ó sì lè gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ara rẹ̀ á máa yọ kálísíọ́ọ̀mù láti inú egungun rẹ̀ láti fi mọ egungun ọmọ, òjé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì bá a jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Olóbi kò lè dí i lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, bẹ́ẹ̀ ni ó sì tún máa ń rí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, nígbà tí egungun obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òjé di ọ̀rọ̀ obìnrin ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ dókítà pàápàá kì í rántí: ọmọbìnrin tó dàgbà sí àdúgbò yín, tó ti lọ́kọ síbòmíràn láti ọdún 8, lè gbé òjé àdúgbò yín dání lọ sínú oyún rẹ̀. Òjé máa ń mú kí oyún bàjẹ́, ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru fún aboyún, ó ń jẹ́ kí a bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé tàbí kí ó fúyẹ́ jù, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Síbẹ̀, obìnrin 9 yẹn nìkan kò lè sọ ohun púpọ̀ fún ẹni tó mọ ìṣirò. Nínú oyún 100 tí àwọn obìnrin mọ̀ pé àwọn ní, bíi 10 sí 20 ni ó máa ń bàjẹ́, àní níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ kedere. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí aṣojú ilé iṣẹ́ náà yóò bi yín ni pé oyún mélòó ni gbogbo obìnrin àdúgbò yín ní láàárín ọdún 3 yẹn. Bí ó bá jẹ́ 90, a jẹ́ pé 9 kò ju ohun tí à ń rí níbòmíràn lọ. Bí ó bá jẹ́ 20, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn. Ó yẹ kí ẹ̀yin fúnra yín ti mọ ìdáhùn náà kí wọ́n tó bi yín, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ sì lè gbà mọ̀ ọ́n ni pé kí ẹ máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo obìnrin, àwọn tí ohunkóhun kò ṣe pẹ̀lú.

Àwọn obìnrin kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn wọn dáadáa. Ní Love Canal, ní ìlú Niagara Falls ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan da ìdọ̀tí tó tó nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù sínú kòtò odò àtọwọ́dá kan tí wọn kò gbẹ́ parí, láàárín 1942 sí 1953. Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n tà á fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú ní dọ́là 1 péré, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé gbígbé sì dìde síbẹ̀. Ní 1978, Lois Gibbs, ìyàwó ilé kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí àwọn aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kúrò ní àwọn ilé tó sún mọ́ kòtò náà jù, wọ́n sì fi àwọn yòókù lọ́kàn balẹ̀. Gibbs àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Wọ́n fi àmì sórí máàpù ní ojúlé kọ̀ọ̀kan tí oyún ti bàjẹ́ tàbí tí wọ́n ti bí ọmọ aláàbọ̀ ara. Àmì náà kò yí kòtò ká bí ẹni rọ òrùka. Ńṣe ni ó tò gẹ́gẹ́ bí ìlà. Àwọn àgbàlagbà tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló rántí pé ojú odò kékeré àtijọ́ ni àwọn ìlà náà, tí wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí kí wọ́n tó kọ́lé. Ọ̀nà omi àtijọ́ ni kẹ́míkà ń tọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Beverly Paigen, bá wọn to iṣẹ́ náà, ó sì dúró tì wọ́n nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ pé àkọsílẹ̀ àwọn ìyàwó ilé kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 1979, ìjọba náà tún sọ fún àwọn aboyún tó wà lẹ́yìn àgbègbè àkọ́kọ́ pé kí wọ́n kúrò, nígbà tí ọdún 1980 sì ń parí lọ, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fi agbára mú kí a máa palẹ̀ irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìwé tí orúkọ kún inú rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ yìí. Máàpù ni, àti ìrántí àwọn àgbàlagbà.

Mo ti jókòó rí nínú ìpàdé àdúgbò kan tí wọ́n ti lẹ orúkọ gbogbo obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára wọn mọ́ ara ògiri, pẹ̀lú èrò rere pé kí àwọn àlejò lè rí bí ìyà náà ṣe pọ̀ tó. Obìnrin kan wọlé, ó rí orúkọ rẹ̀, ó sì jáde láìsọ̀rọ̀, nítorí ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ rí pé oyún kan ti bàjẹ́ kí àwọn tó fẹ́ra. Ẹgbẹ́ náà kò rí obìnrin tuntun kan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Mi ò tíì gbàgbé ojú rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ni kí ẹ fi rọ́pò orúkọ. Kí ìwé kan ṣoṣo wà tó so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ orúkọ, kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo yín fọkàn tán, lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Kí obìnrin ló máa bi obìnrin, ní òun nìkan, láìsí ọkọ tàbí ìyá ọkọ nítòsí. Ẹ béèrè iye oyún tó ti ní, ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, bí ó ṣe parí, ilé tí ó ń gbé nígbà náà, àti iṣẹ́ tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń ṣe. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ̀yin lẹ fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bi irú ìbéèrè kan náà ní òpópónà mélòó kan tó jìnnà sí èéfín, kí ẹ lè fi ìkíní wé ìkejì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pá ìdìmú yín, àwọn aboyún àti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 ni kí ẹ sì kọ́kọ́ mú lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti inú iṣan apá ni kí wọ́n lò, nítorí eruku òjé tó bá wà lórí ìka lè ba èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gún ní ìka jẹ́. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 sọ pé bí òjé inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni bá tó máíkírógíráàmù 5 nínú dẹ́sílítà kan, kí wọ́n wá ibi tó ti ń wá, kí wọ́n sì dá a dúró. Ẹ tún ìlànà yẹn kà. Kò ní kí ẹni náà kọ́kọ́ ṣàìsàn, kò sì ní kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ba oyún rẹ̀ jẹ́. Èyí ni ìdáhùn tí ẹ ó mú padà lọ fún dókítà yín, mo sì gbà gbọ́ pé òun náà yóò rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ tó lè ṣe. Ẹ pinnu kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni pé obìnrin kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ èsì tirẹ̀, òun ló sì máa sọ bóyá ẹgbẹ́ lè kà á mọ́ tiwọn.

Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, ó kan ilẹ̀ àti eruku. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá ní ilé tó sún mọ́ ilé iṣẹ́, ní èyí tó jìnnà díẹ̀, àti ní èyí tó jìnnà gan-an, kí ẹ sì kọ ọjọ́, wákàtí, ojúlé àti orúkọ ẹni tó bù ú sára ìdì kọ̀ọ̀kan, nítorí ibi tí àkọsílẹ̀ yìí bá ti já ni wọn yóò ti sọ pé ẹ ti yí ẹ̀rí náà padà. Ilé àyẹ̀wò tó ní àṣẹ ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì tọ́jú ìdajì ìdì kọ̀ọ̀kan, kí ó má bàa sí àríyànjiyàn lẹ́yìn ọ̀la. Kò yẹ kí ohun èlò ẹ̀rù bà yín. Ní Norco, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, korobá tí wọ́n fi àpò sí inú rẹ̀ ni Margie Richard àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi gba afẹ́fẹ́ tó ń ti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ẹ̀gbẹ́ wọn jáde, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ní 2002, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san owó tí wọn yóò fi kó lọ síbòmíràn.

Kí èsì tó dé, ẹ má ṣe gbá ilẹ̀ ní gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí ẹ máa fi nu ún. Kí bàtà dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ọwọ́ àwọn ọmọ sì mọ́ kí wọ́n tó jẹun. Aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ wọ inú ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá aṣọ ọmọ wọ omi kan náà, nítorí ọwọ́ obìnrin tó ń fọ̀ ọ́ ni eruku òjé máa ń gbà wọ ara. Kí aboyún bá olùtọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa kálísíọ́ọ̀mù àti áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí ara tí ìwọ̀nyí bá tó ń gba òjé díẹ̀ ju ara tí wọ́n ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí ìbẹ̀rù. Ìwọ̀n òjé tí a fi ń ní kí ìyá dá ọmú dúró ga púpọ̀, dókítà tó rí èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì lo oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ òjé kúrò lára láìsí dókítà. Mo ń sọ nǹkan wọ̀nyí kí ẹ̀mí lè wà láàyè títí iṣẹ́ yóò fi parí. Mi ò sọ ọ́ pé iṣẹ́ yín ni láti máa nu ìdọ̀tí ẹlòmíràn.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ṣáájú ìjọba. Ara wọn ni òjé ti pọ̀ jù, owó oúnjẹ wọn ló sì wà nínú ewu, ìyàwó àwọn kan lára wọn sì wà nínú ẹgbẹ́ yín. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá wọn pé ẹ fẹ́ ti ilé iṣẹ́ pa, àdúgbò yóò pín sí méjì. Lẹ́yìn wọn, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà àti àbájáde gbogbo àyẹ̀wò èéfín tí ìjọba ti ṣe níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà pé àyíká tó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àdéhùn Aarhus ti 1998 àti ti Escazú ti 2018 sì fún àwọn ará ìlú ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wọ inú wọn ní ẹ̀tọ́ láti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà. Kí ohun tí ẹ ń béèrè ṣe é fi ojú rí: àsẹ́ tó ń mú eruku lójú ihò èéfín, ibi ìwẹ̀ àti ìfọṣọ fún òṣìṣẹ́ nínú ọgbà ilé iṣẹ́, kíkó iyẹ̀pẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àti dídá iná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé dúró títí ìwọ̀nyí yóò fi parí. Ìwé tó kàn sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe yóò sùn sínú fáìlì.

Ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ náà fẹ́ bá yín rẹ́. Ẹ lè bá wọn jókòó, ṣùgbọ́n kí ó tó ẹni 3 nígbà gbogbo, kí ẹnì kan máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní kí ẹ dákẹ́ nípa èsì ẹ̀jẹ̀ yín, iye owó yòówù tó bá wà nínú rẹ̀, nítorí ọmọ tí wọn kò tíì lóyún rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti gba owó náà.

Ní ti ìwé ẹ̀sùn tí ẹ béèrè nípa rẹ̀, ẹ má ṣe kọ orúkọ àwọn obìnrin 9 náà sí i, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn tó lóyún lọ́wọ́ láàárín yín lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ máàpù, kí ẹ sì bi àwọn àgbàlagbà ibi tí omi máa ń ṣàn gbà kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi láìsí orúkọ, n ó sì bá yín kọ ìwé náà.